Kíkọ́ àwọn ọmọ kíláàsì keje ní ìtàn, jọ́gíráfì àti ẹ̀kọ́ ará ìlú ní Íńdíà: báwo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe lè wọ inú ọmọ?

Tíṣà ní Pune:

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o, mo sì kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà láàárín wa. Ó di ọdún kẹta báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì keje ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ìlú Pune, ní ìpínlẹ̀ Maharashtra lápá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, níbi tí iṣẹ́ ọkọ mi gbé wa dé. Ọmọ ọdún méjìlá ni púpọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ wọn ni wọ́n ń pè ní Social Science, èyí tí ó kó ìtàn, jọ́gíráfì àti ẹ̀kọ́ ará ìlú pọ̀ sójú kan. Ẹ̀kọ́ ará ìlú tí mo wí yìí ni ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, òfin àti ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè.

Ohun tí ó gbé mi wá síbí ni pé àwọn ọmọ náà lè ka ìwé wọn lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ kò wọ inú wọn. Lóṣù tó kọjá, mo bi ọmọkùnrin kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ó máa ń gba máàkì jù lọ, pé kí ni iṣẹ́ ìjọba ìlú. Ó dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ka ìpínrọ̀ kan jáde láìfo ọ̀rọ̀ kankan: omi mímu, ojú pópó, iná títì, kíkó ìdọ̀tí. Mo ní ó káre. Mo wá bi í pé, níbo ni omi tí wọ́n ń lò nílé wọn ti ń wá? Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní ọkọ̀ agbómi ni ó máa ń gbé e wá. Mo ní ta ni ó ni ọkọ̀ náà? Kò mọ̀. Mo ní kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọkọ̀ ni, tí kì í ṣe páìpù ìjọba tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún wa tán? Gbogbo kíláàsì dákẹ́ lọ gbári. Ọmọ náà jókòó bí ẹni tí ó kùnà ìdánwò, èmi pẹ̀lú sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé èmi ni mo kùnà.

Ọ̀ràn kejì ni ti ìwé. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni NCERT, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìwé ẹ̀kọ́, máa ń tẹ̀ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan láti kẹfà dé kẹjọ, ọ̀kan fún ìtàn, ọ̀kan fún jọ́gíráfì, ọ̀kan fún ìgbésí ayé àwùjọ àti ìṣèlú. Ní ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo ní kíláàsì kẹfà, ti kíláàsì keje àti ìkẹjọ sì tẹ̀lé e ní 2025. Mo fẹ́ràn èrò náà, ṣùgbọ́n ní kíláàsì mi, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ń há orí kan sórí, wọ́n ń gbàgbé rẹ̀, wọ́n sì ń há èyí tí ó tẹ̀lé e. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní lẹ́ẹ̀kan, ọmọ méjìlélógójì ni ó wà níwájú mi, ọ̀gá wa sì fẹ́ kí a parí ìwé kí ìdánwò tó wọlé.

Báwo ni mo ṣe lè kọ́ wọn kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan lójú wọn, láìjẹ́ pé ìtàn sọnù sáàárín? Àlejò ni mí ní ilẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi pẹ̀lú bí ẹ bá rí ibi tí mo ti lè fi àìmọ̀ ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Bàbá Jọ́gíráfì, Ìbàdàn:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Ẹni tí ó kọ́ èmi fúnra mi ní gírámà, ọmọ Íńdíà ni, nítorí pé àwọn olùkọ́ láti Íńdíà pọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà. Kí ó tó ṣí máàpù kankan fún wa, ó ní kí a lọ fi okùn wọn ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí a sì ya ohun tí a bá wọ̀n sórí bébà. Gbèsè ọkùnrin náà wà lọ́rùn mi títí di òní, inú mi sì dùn pé mo lè san díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ nípasẹ̀ yín.

Ìbéèrè tí ó mú kíláàsì yín dákẹ́ yẹn, òun gan-an ni ẹ̀kọ́. Ẹ má lọ wá òmíràn. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ọ̀nà tí omi gbà dé ẹnu rẹ̀: láti inú ife, sí inú táǹkì orí òrùlé, sí ọkọ̀ tàbí páìpù, sí ibi tí ọkọ̀ ti pọn ọ́n, títí dé ibi tí kò mọ̀ mọ́. Kí ó fi àmì sí ibi tí kò mọ̀ mọ́ náà. Àmì yẹn ni ẹ ó máa kọ́ wọn láti ibẹ̀ lọ.

Ní ti jọ́gíráfì, ìlú yín bọ́ sí ibi tí ó dára fún ẹ̀kọ́ yìí. Ní nǹkan bí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ni ẹ̀fúùfù òjò tí wọ́n ń pè ní monsoon máa ń dé Kerala ní ìsàlẹ̀ gúúsù, tí ó sì ń gòkè lọ lẹ́bàá òkun. Afẹ́fẹ́ náà ru omi láti orí òkun wá, àwọn òkè Sahyadri sì dúró sí iwájú rẹ̀ bí ògiri. Bí ó ti ń gun òkè ni ó ń tutù, bí ó sì ti ń tutù ni ó ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alárù tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn ní ìdajì òkè. Mahabaleshwar tí ó wà lórí òkè níbẹ̀ ń rí òjò tí ó ju 5,000 mìlímítà lọ lọ́dún. Pune, tí ọ̀nà rẹ̀ sí ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ, kò rí ju nǹkan bí 700 mìlímítà lọ, nítorí pé ẹ̀yìn òkè ni ó wà, ẹrù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí afẹ́fẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí dáàmù Khadakwasla, Panshet àti àwọn yòókù fi wà ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, lápá ibi tí òkè wà. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn o. Ẹ kó iye òjò ìlú márùn-ún fún wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sórí máàpù, kí wọ́n fúnra wọn rí i pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ láàárín òkun àti ilé wọn.

Ẹ̀rù tí ó ń bà yín nípa ìtàn kò ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí wọ́n yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré nílé wa, tí wọ́n ní Social Studies yóò gbé e, a rí àwọn ọmọ tí kò mọ ẹni tí ó jagun Kírìjí. Ọdún 2018 ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó mọ ìtàn jù mí lọ sọ bí ẹ ó ṣe dáàbò bò ó.

Tíṣà Èkó:

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó yàtọ̀, kì í ṣe láti ta ko Bàbá. Ẹ má jẹ́ kí a bú àkọ́sórí jù. Oríkì ìdílé wa, a kọ́ ọ sórí ní kékeré kí a tó mọ ìtumọ̀ ìdajì rẹ̀, nígbà tí a sì dàgbà tí a gbọ́ ìtàn, ọ̀rọ̀ oríkì náà ni ìtàn rí gbé ara kọ́. Ọmọ tí kò bá ní ọdún kankan lórí kò ní ibi tí yóò fi ohun tí ó gbọ́ kọ́ sí. Kí àwọn ọmọ yín mọ 1757, tí ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ní Plassey. Kí wọ́n mọ 1857, tí àwọn ọmọ ogun àti ará ìlú dìde sí wọn. Kí wọ́n mọ 1947, tí òmìnira àti pípín ilẹ̀ sí Íńdíà àti Pakistan dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n mọ ọjọ́ 26 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1950, tí ìwé òfin wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin péré. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹní mọ owó, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tọ ipa omi yín lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Bhopal:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ń ṣe ìwádìí nípa ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Bhopal, ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi jẹ mí lógún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ará ìlú ti wá. Lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbilẹ̀ ní Íńdíà, ohun tí ó sì wà nídìí rẹ̀ ni pé kí ọmọ Íńdíà di ẹni tí ó gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n tún ìlànà ẹ̀kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè kọ ní 2005, àwọn tí ó ṣe é sọ ọ́ síta pé orúkọ náà gbé òórùn ìmúnisìn dání, wọ́n sì pa orúkọ rẹ̀ dà sí ìgbésí ayé àwùjọ àti ìṣèlú, kí ọmọ lè máa wo bí ìjọba ṣe ń ṣe sí ènìyàn gidi dípò kí ó máa ka orúkọ ipò àti iye ọdún tí aṣòfin ń lò. Kíka iṣẹ́ ìjọba ìlú bí àdúrà tí ọmọ yín kà yẹn, ẹ̀kọ́ àtijọ́ náà ni ó tún jí dìde.

Kí 2005 tó dé rárá, ẹgbẹ́ kan wà níbí tí ń jẹ́ Eklavya, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1982. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, wọ́n bá díẹ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Madhya Pradesh ṣiṣẹ́, wọ́n sì kọ ìwé Social Science fún kíláàsì kẹfà dé kẹjọ. Wọn kì í kàn sọ pé àgbẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà ń ṣe èyí tàbí èyíinì. Wọ́n á mú abúlé kan, wọ́n á sọ iye ilẹ̀ tí ẹnì kan ní, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti ń yá owó, àti ohun tí ó ń ṣe bí òjò bá pẹ́. Ọmọ tí ó kà á yóò wo ilé ti ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti bí ìtàn kò ṣe ní sọnù: kí ó má bàa di àlàyé kékeré tí a fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì, ẹ fún un ní ìbéèrè tirẹ̀, ìyẹn ni pé, báwo ni a ṣe mọ̀? Omi Pune ní ìtàn tí ó lè jẹ yín ní oṣù kan gbáko. Ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún, lábẹ́ Nanasaheb tí ó jẹ́ Peshwa, ìyẹn olórí ìjọba àwọn Maratha tí ó ń ṣàkóso láti Pune, wọ́n fi ọ̀nà omi abẹ́ ilẹ̀ gbé omi láti Katraj wá sí ààrin ìlú, dé ààfin Shaniwar Wada àti àwọn agbada omi ìgboro. Ẹ bi àwọn ọmọ pé ta ni omi náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ní Pune kan náà ni Jyotirao Phule àti ìyàwó rẹ̀ Savitribai ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin ní 1848, ilé wọn náà ni wọ́n sì ti ṣí kànga wọn sílẹ̀ ní 1868 fún àwọn tí àwùjọ kà sí ẹni àìfọwọ́kàn, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n fa omi níbi tí àwọn mìíràn ti ń fà á. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1927, B. R. Ambedkar, tí wọ́n bí sínú ìdílé àwọn tí wọ́n ń kà sí àìfọwọ́kàn náà, kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí adágún Chavdar ní ìlú Mahad, ní ìpínlẹ̀ yín níbẹ̀, ó bu omi inú rẹ̀ mu, àwọn ènìyàn sì mu tẹ̀lé e. Ọkùnrin yìí náà ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ ìwé òfin, abala 17 nínú ìwé òfin náà sì fòpin sí àṣà àìfọwọ́kàn. Láti kànga dé ìwé òfin, ọdún 82 ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìyọkúrò náà fúnra wọn, kí wọ́n sì ka ìran mélòó ni ó kọjá láàárín rẹ̀.

Tíṣà Èkó, ẹ̀yin náà tọ̀nà. Ọdún 1950 tí ẹ ní kí wọ́n mọ̀ yẹn ni ìtàn kànga náà yóò gbé ara kọ́.

Bàbá Ìbejì, Delhi:

Mo dúpẹ́ pé tíṣà wa béèrè nípa ibi tí ó ti lè ṣèèṣì ṣẹ ọmọ, nítorí ìyẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Ìbejì mi wà ní kíláàsì kẹfà níbí. Lọ́dún tó kọjá, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ń kọ́ wọn nípa kásìtì, ìyẹn ipò tí a bí ènìyàn sí, olùkọ́ sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dìde kí ó sọ ti ìdílé rẹ̀. Èrò rere ni ó ní, ó dá mi lójú. Ọmọbìnrin kan kò dìde. Àwọn tèmi ní ó fi orí lé tábìlì títí aago fi lù, ó sì di ọjọ́ kẹta kí ó tó padà wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ní Íńdíà, orúkọ ìdílé nìkan tó láti sọ ibi tí ènìyàn ti wá, àwọn ọmọ sì tètè ń mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹ má ṣe fi ọmọ kankan ṣe àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́. Ambedkar fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní kékeré, orí àpò tí òun gbé wá láti ilé ni òun ń jókòó lé ní kíláàsì, àti pé òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi. Bí ìránṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kò bá sí nílé láti ṣí omi fún òun, òungbẹ ni òun yóò gbé lọ sílé. Ẹ ka ìyẹn fún wọn. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà bá kàn yóò gbọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yíjú wò ó.

Bákan náà ni pẹ̀lú ẹ̀sìn. Ìtàn àwọn ọba Mùsùlùmí ti Delhi àti ti àwọn Mughal, ìdílé ọba Mùsùlùmí tí ó jẹ lẹ́yìn wọn, tí ó jẹ́ iṣẹ́ kíláàsì keje láyé ìwé àtijọ́, ti bọ́ sí kíláàsì kẹjọ nínú ìwé tuntun, àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò sì kéré. Bí ọ̀rọ̀ bá kan wọn nínú kíláàsì yín, ẹ má wo ojú ọmọ Mùsùlùmí bí ẹni pé òun ni yóò jẹ́jọ́ wọn.

Tíṣà ní Pune:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti wá síbí gbẹ̀yìn, mo sì fẹ́ jíṣẹ́ ohun tí mo ṣe.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí máàpù omi gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Méjìlélógójì ni bébà tí ó padà wá, mo sì lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, kì í ṣe èmi: àwọn tí ó ń gbé ní ìgboro àtijọ́ ya páìpù, àwọn tí ó ń gbé ní àwọn ilé gíga tuntun ní ẹ̀yìn ìlú ya ọkọ̀ agbómi. Ọmọkùnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ níjọ́sí ni ó béèrè pé, "Mà, ṣé ilé wa kì í ṣe Pune ni?" Ọjọ́ méjì ni a fi dáhùn ìbéèrè yẹn. A wo bí ààlà ìlú ṣe fẹ̀ kọjá ibi tí páìpù dé. A wo ohun tí àtúnṣe 74 sí ìwé òfin, tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ní 1992, sọ nípa ìjọba ìlú: pé ará ìlú ni yóò dìbò yan àwọn tí yóò ṣe é, àti pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ìjókòó jẹ́ ti obìnrin. Wọ́n ní kí a kọ lẹ́tà sí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa nígbà náà. Mo ní kí a kọ́kọ́ wádìí ohun kan. Wọ́n bi àwọn òbí wọn léèrè, wọ́n sì gbọ́ pé àkókò àwọn kánsẹ́lọ̀ tí ìlú yàn ní 2017 parí ní oṣù Kẹta ọdún 2022, pé ó sì lé ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí kò fi sí ẹnikẹ́ni tí a dìbò yàn ní Pune, alákòóso tí ìjọba ìpínlẹ̀ yàn ni ó ń darí ìlú. Ọmọbìnrin kan ní, "Nígbà náà, ta ni màmá mi lè bá wí nígbà tí omi kò wá?" Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sí igun pátákó, n kò sì tíì nù ún kúrò.

Ṣùgbọ́n ìtàn ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1961, dáàmù Panshet, tí wọn kò tíì kọ́ tán, ya, omi rẹ̀ sì ya lu Khadakwasla tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn náà kò lè gbà á dúró, àkúnya omi wọ ìgboro Pune. Mo ní kí ọmọ tí ó bá ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tí ó wà níbẹ̀ lọ béèrè, kí ó kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Mẹ́sàn-án ni wọ́n rí. Ọmọ kan ní ìyá àgbà òun sọ pé òun ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ariwo sọ. Òmíràn ní irọ́ ni, bàbá àgbà òun ti jẹun ọ̀sán kí omi tó dé. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Mo jẹ́ kí wọ́n jiyàn díẹ̀, mo wá fa ìlà méjì sórí pátákó, mo ní kí olúkúlùkù sọ àdúgbò tí àgbà tirẹ̀ ń gbé lọ́jọ́ náà, bí ó ti jìnnà sí odò Mutha tó, àti bóyá ariwo ni ó gbọ́ tàbí omi ni ó rí. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi sọ pé dáàmù méjì ni ó ya, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pé ó lè jẹ́ pé àwọn àgbà méjèèjì ló sọ òtítọ́. Ẹ̀yin ará, mo jókòó. Ìbéèrè "báwo ni a ṣe mọ̀?" tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Bhopal kọ́ mi, ọmọ ọdún méjìlá ni ó ń dáhùn rẹ̀ níwájú mi.

Ìyá àgbà kan fi ìkòkò bàbà rán ọmọ ọmọ rẹ̀ wá. Ó ti tẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní inú ẹrẹ̀ ni àwọn ti wú u lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Gbogbo kíláàsì ni ó fọwọ́ kàn án, wọ́n ń gbé e kiri bí ẹyin.

A ka ọ̀rọ̀ Ambedkar ní ọjọ́ kejì ìyẹn. N kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, Bàbá Ìbejì. Mo kà á tán, mo ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá fẹ́ kọ, kí wọ́n má kọ orúkọ wọn sí i. Àwọn bébà kan wà nínú rẹ̀ tí n kò ní sọ ohun tí ó wà nínú wọn fún ẹnikẹ́ni.

Ìṣòro tí ó kù ni ìdánwò. Orí méjì nínú ìwé ni mo ti fi sẹ́yìn, ọ̀gá wa sì ti pè mí. Àwọn ìbéèrè tí ilé ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ fún gbogbo kíláàsì keje ṣì ń béèrè pé kí ọmọ ka iṣẹ́ mẹ́fà tí ìjọba ìlú ń ṣe. Kí ni kí n ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Bhopal:

Mo ka ọ̀rọ̀ ìkòkò bàbà yẹn, mo sì ní láti dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀.

Ní ti orí ìwé méjì tí ẹ fi sẹ́yìn, ẹ ṣí ìwé náà níwájú ọ̀gá yín, kí ẹ fi hàn án ibi tí iṣẹ́ omi yín ti fọwọ́ kan àwọn orí tí ó wà níwájú, nítorí pé ojú ọjọ́, ìjọba àti ìwé òfin wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ohun tí ẹ ti kọ́ ṣáájú àkókò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ẹ fò.

Ní ti ìdánwò, àwọn Eklavya jẹ́ kí ọmọ ṣí ìwé sílẹ̀ nínú yàrá ìdánwò. Bí ìwé bá ti wà ní ṣíṣí, ìbéèrè tí a lè rí ìdáhùn rẹ̀ dà kọ kò wúlò mọ́, olùkọ́ ni yóò ní láti ronú ìbéèrè mìíràn. Ẹ kò lè yí ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ yín padà lẹ́sẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìdánwò kékeré tí ẹ ń ṣe fúnra yín nínú kíláàsì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé iye òjò oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án ní ìlú méjì kalẹ̀ láìdárúkọ wọn, kí ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tí ó wà níwájú òkè àti èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdí. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ àgbà méjì kalẹ̀ nípa 1961, kí ẹ bi wọ́n pé ìbéèrè wo ni wọn yóò bi ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ẹ lè sọ fún ọ̀gá yín pẹ̀lú pé CBSE, àjọ tí ó ń ṣe ìdánwò kíláàsì kẹwàá, ti ń fi kún ìbéèrè tí ó ń dán ìlò ìmọ̀ wò, àwọn ọmọ yín yóò sì bá irú rẹ̀ pàdé láìpẹ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ àwọn ọ̀gá létí.

Tíṣà Èkó:

Iṣẹ́ mẹ́fà ìjọba ìlú náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ sórí ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó kẹ́yìn lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ fi orin sí i. Ọmọ tí ó ti mọ ìdí tí páìpù kò fi dé ilé rẹ̀ kò ní gbàgbé pé omi wà lára wọn.

Tíṣà ní Pune:

Mo ti kọ orin náà, ní èdè Marathi ni, àwọn ọmọ ni wọ́n sì tún un ṣe fún mi nítorí pé Marathi mi kò tíì já geere. Mo bá ọ̀gá wa jókòó láàárọ̀ yìí pẹ̀lú ìwé ní ṣíṣí, ó sì gbà pé kí n lo ìbéèrè òjò ìlú méjì náà nínú ìdánwò kíláàsì ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, máàkì mẹ́wàá nínú ogún. Bàbá, mo ti ya fọ́tò máàpù omi méjìlélógójì náà, màá sì fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ òní, mo ti yọ orúkọ àwọn ọmọ kúrò lára wọn.